Láti Orí Òkè dé Omi Àpáta, Ìṣísẹ̀ Márùn-ún

Ìlú ńlá kan wà tí ìjọba rẹ̀ fi odidi ènìyàn kan ṣe olórí ohun gbogbo tí ojú lè rí. Ẹ má sọ pé mò ń bù mọ́ ọn; bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ nìyẹn: Ọ̀gá Àgbà Yányán, Ilé-iṣẹ́ Ìgbafẹ́, Ìrìn-àjò Afẹ́ àti Wíwo Ohun Mèremère Inú Ìlú àti Agbègbè Rẹ̀ Gbogbo. Oyè náà gùn débi pé ilẹ̀kùn kan kò gbà á. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ dànù, wọ́n fi oníbejì rọ́pò rẹ̀, kí oyè lè ríbi nà sí. Bí wọ́n bá ṣí apá kan sílẹ̀, ìdajì ọ̀gá ni àlejò máa ń kà.

Ọ́fíìsì yìí wà lókè téńté ilé alájà mẹ́jọ. Ẹni tó bá dúró lójú fèrèsé rẹ̀ lè rí ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: afárá àtijọ́ tó gba orí odò kọjá, ilé ìṣọ́ tó wà lórí òkè, títí lọ dé ibi tí ilé ti tán tí oko bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kò rí ọ̀kankan nínú wọn. Ó ti ní kí wọ́n fi aṣọ tó nípọn dí fèrèsé náà pa, nítorí oòrùn ń ṣá àwòrán rẹ̀ tó wà lára ògiri. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìlú ṣì wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n ẹyọ àwòrán ọ̀gá kan ṣoṣo ló wà nínú ọ́fíìsì yẹn. Àwọn mẹ́fà yòókù wà lọ́dẹ̀dẹ̀.

Lójú rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Bó bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó di Bàbá Pátákó. Ohun tó fa orúkọ yìí ni pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe nígbà tó dé orí àga ni pé ó ri pátákó ńlá mọ́ iwájú gbogbo ibi tí àwọn ènìyàn máa ń lọ wò. Lórí pátákó kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ méjèèjì síta, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, pẹ̀lú oyè rẹ̀ ní kíkún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí oyè ti gùn, pátákó ní láti fẹ̀. Afárá àtijọ́ yẹn ṣì wà lẹ́yìn pátákó tirẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá ní sùúrù, tó rìn yí i ká, á rí i.

Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè, ṣùgbọ́n Bàbá Pátákó kì í wọ̀ ọ́, nítorí kò sí àyè nínú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ láti tò kí wọ́n máa kí i. Àtẹ̀gùn ló máa ń gùn. Láràárọ̀, òṣìṣẹ́ á dúró méjì méjì lórí àjà kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá á máa mí gúlegúle bọ̀ láti ìsàlẹ̀, òógùn á máa kán tó, tó, tó ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ọ̀gá, ara yín mà yá o," àwọn ti àjà kejì á wí.

"Ọ̀gá, ẹ ò tilẹ̀ làágùn," àwọn ti àjà karùn-ún á wí.

Lókè pátápátá, igbákejì rẹ̀ á ti máa dúró dè é pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, láti nu òógùn tí ọ̀gá kò là. Igbákejì yìí kàwé dáadáa, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó kọ́, ìpàtẹ́wọ́ ló fi ń jẹun. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ tó o, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó láyà láti dáwọ́ dúró ṣáájú rẹ̀.

Òfin kan tún wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí gbogbo wọn sì mọ̀. Wọn kì í sọ "ṣùgbọ́n" níwájú ọ̀gá. Obìnrin kan tó ń bójú tó àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ti dán an wò rí. Ó ní, "Ọ̀gá, àbá yín dára gan-an, ṣùgbọ́n," kò sì tíì ríbi sọ èyí tó kù tí wọ́n fi gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àwọn àga tó ti kán sí. Ibẹ̀ ló wà bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà tún kán. Láti ọjọ́ náà, bí òrùlé bá ń jò sórí tábìlì ọ̀gá, ohun tí òṣìṣẹ́ máa ń sọ ni pé, "Ọ̀gá, omi òjò wá kí yín."

Báyìí ni ayé ṣe ń dùn lọ títí Gómìnà fi ránṣẹ́ pe Bàbá Pátákó.

"Àlejò ń bọ̀ o," Gómìnà wí. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Àwọn tó máa ń kó èrò láti òkè òkun kiri láti wo ìlú ni. Bí ohun tí wọ́n bá rí lọ́dọ̀ wa bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọdọọdún ni wọ́n á máa kó wọn wá. O sì mọ̀ pé àga Kọmíṣọ́nnà Ìgbafẹ́ ṣófo."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́lá jùlọ," Bàbá Pátákó wí, bí ẹni pé kì í ṣe àga náà ló ti ń lálàá rẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan.

"Bí o bá mú wọn yí ká dáadáa, tí inú wọn dùn, ìwọ ni màá gbé e fún, níbẹ̀ níbẹ̀. Èmi náà á bá yín lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá wá ẹlòmíràn."

"Ọlọ́lá jùlọ, ojú wọn yóò rí ohun tí ojú kò tíì rí láti ọjọ́ tí ojú ti ń ríran. Wọn yóò rí i títí wọn yóò fi bẹ̀bẹ̀ pé ó tó."

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọdún tó ń bọ̀ ni ọkùnrin yìí máa fẹ̀yìn tì. Bí àga yìí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ilé ló kàn, níbi tí kò sí àtẹ̀gùn, tí kò sì sẹ́ni tó máa dúró lórí rẹ̀ láti kí i. Nítorí náà, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó ti sọ fún àwọn àna rẹ̀, ó ti sọ fún onígbàjámọ̀. Ó ti fi orúkọ náà buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀mejì láti wò ó bóyá yóò bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ó bá a mu.

Ní alẹ́, ó pe ìyàwó rẹ̀ jókòó. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni obìnrin náà, ó sì ti mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn láì bínú.

"Láti òní lọ," ọkọ rẹ̀ wí, "bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, má sọ pé 'bàbá wà nílé' mọ́. Sọ pé Ọlọ́lá Kọmíṣọ́nnà wà lórí ìjókòó."

"Ṣé wọ́n ti fi yín jẹ ẹ́ ni?"

"Ó ku kí n jókòó."

"Olówó orí mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àga náà dé."

"Ìgbàgbọ́ rẹ kéré," Bàbá Pátákó wí, ó sì lọ dúró níwájú dígí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀. Igbákejì ló kọ́kọ́ bèèrè, tìtẹríba-tìtẹríba, bóyá ọ̀gá á fẹ́ lọ wo àwọn ibi tí wọ́n máa mú àlejò lọ, kí wọ́n lè mọ ojú ọ̀nà.

"Kí n lọ?" Bàbá Pátákó wí. "Kí èmi, Ọ̀gá Àgbà Yányán, máa rìn nínú eruku bí ẹni tó sọ ewúrẹ́ nù? Ẹ kó àwọn ibi náà wá bá mi."

Wọ́n kó wọn wá. Wọ́n ya àwòrán ibi kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ wọ́n di ńlá, wọ́n fi férémù aláwọ̀ wúrà sí wọn, wọ́n sì gbé wọn kọ́ yípo gbọ̀ngàn ìpàdé. Afárá àtijọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Òkè tó ní ilé ìṣọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tútù. Omi Àpáta, tí í ṣe omi ńlá tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní agbègbè ìlú náà, tó sì lókìkí ju gbogbo ohun yòókù lọ, wà lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe àlejò. Bàbá Pátákó á dúró níwájú àwòrán kan, á kọjú sí wọn, á sọ̀rọ̀. Bó bá ti sinmi láti mí, igbákejì á pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn á sì gbà á. Lẹ́yìn náà, gbogbo èrò á rìn lọ sídìí àwòrán tó kàn.

Akọ̀wé rẹ̀ ló mú aago dání, kí wọ́n lè mọ bí ìrìn-àjò náà ṣe máa gùn tó.

"Láti orí òkè dé Omi Àpáta," igbákejì kéde, "ìṣísẹ̀ márùn-ún."

"Ìṣẹ́jú mélòó nìyẹn?"

"Kò tó ìṣẹ́jú kan, Ọ̀gá," akọ̀wé wí.

Bàbá Pátákó ronú. Aláàánú ènìyàn ni, bó bá di ọ̀rọ̀ àlejò. "Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bọ̀. Ó lè ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí i."

"Ọ̀gá, ẹ̀ ń kẹ́ wọn jù," igbákejì wí, ó sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yẹn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Omi Àpáta wà láàárín àwọn òkè, lẹ́yìn oko àti àwọn ìlú kéékèèké, lójú ọ̀nà tó ń yí gbirigbiri; ẹni tó bá jẹun yó kó tó kúrò nílé, ebi á ti tún máa pa á kó tó débẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ kan nínú gbọ̀ngàn náà tí kò mọ̀. Ọmọ bíbí agbègbè ibẹ̀ ni akọ̀wé tó mú aago dání. Ó la ẹnu, ó rántí yàrá àwọn àga, ó sì pa ẹnu náà dé. Ó kọ ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí ìrìn kò ti wá gba àkókò mọ́, kí ni ó kù tó máa gbà á? Ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tó jẹ́ ojú ewé kan di mẹ́ta, ti Omi Àpáta sì di odidi ìwé. Ibẹ̀ ni Bàbá Pátákó fi parí gbogbo rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló fẹ́ kí Gómìnà ti gbé àga fún un, kí omi máa dún lẹ́yìn, kí àwọn oníròyìn máa ya àwòrán. Ó tilẹ̀ ti kọ ohun tí Gómìnà máa sọ, kí ó má baà ni ín lára.

Ọjọ́ pé. Ọkọ̀ ńlá kan tó mọ́ tónítóní gbé wọn: Gómìnà, àwọn àlejò, àwọn oníròyìn, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń pàtẹ́wọ́. Olórí àwọn àlejò jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti gbé ìlú náà nígbà èwe rẹ̀, tó sì gbọ́ èdè wọn yékéyéké. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ fún Gómìnà pé, "Omi Àpáta ni mo torí ẹ̀ wá. Nígbà tí mo wà níbí, kò sí ọ̀nà tó débẹ̀. Bí ó bá rí bí wọ́n ṣe ń sọ, a ti parí ọ̀rọ̀ náà."

Bàbá Pátákó gbọ́ ọ. Orí rẹ̀ wú. Ó wo Gómìnà, ó sì tún táì rẹ̀ ṣe.

Ní ìdí afárá àtijọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró síwájú pátákó. Wọ́n ń gbọ́ odò lẹ́yìn rẹ̀.

"Afárá," Bàbá Pátákó bẹ̀rẹ̀, "kí ni ó ń jẹ́ afárá? Afárá ni ohun tó so ìhín pọ̀ mọ́ ọ̀hún. Bí kò bá sí afárá, ìhín á wà ní ìhín, ọ̀hún á wà ní ọ̀hún. Ẹ wò mí dáadáa, ẹ̀yin àlejò pàtàkì. Èmi gan-an, afárá ni mí."

Ìpàtẹ́wọ́ sọ. Ó ń bá a lọ títí oòrùn fi gun orí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò rọra yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ pátákó láti lọ wo afárá tó wà lẹ́yìn. Igbákejì sáré tẹ̀ lé e, ó fi ọ̀wọ̀ dì í lápá mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wò ó," ó wí. "Ọ̀gá ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀."

Lórí òkè náà ńkọ́? Láti orí ilé ìṣọ́, wọ́n ní ènìyàn lè rí ìlú bíi pé ó wà lórí àwo. Ṣùgbọ́n okùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò gùn dé òkè, nítorí náà inú yàrá ìsàlẹ̀ tí kò ní fèrèsé ni Bàbá Pátákó to gbogbo wọn sí, tó sì ṣe àpèjúwe òkè fún wọn. Wọ́n ń làágùn, wọ́n ń mumi, wọ́n ń wo aago. Nígbà tó máa fi jẹ́ kí wọ́n jáde, ọ̀sán ti pọ́n kọjá, ó ti ń rọ̀ lọ sí ìrọ̀lẹ́.

"Ó kan Omi Àpáta," ó kéde nínú ọkọ̀. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Oúnjẹ wà níbẹ̀." Kò jókòó. Ó ní ìwà àrífín ni kí ènìyàn jókòó nígbà tó ti fẹ́ dé. Ó di irin orí ọkọ̀ mú, ó dúró síwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀rín bíi ti orí pátákó.

Ìṣẹ́jú márùn-ún pé, wọ́n ṣì wà nínú ìlú.

"Ẹ fara balẹ̀, a ti dé," ó wí.

Ilé tán. Oko bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ń ju Bàbá Pátákó síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i kó jókòó? Ẹ̀rín náà ti gan mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n kọjá ìlú kékeré kejì, Gómìnà gbé ojú sókè.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún lo wí."

Bàbá Pátákó yí sí igbákejì rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀gá, ó jọ pé ọ̀nà ló gùn."

"Ta ló ní kó gùn?"

Igbákejì kò mọ ẹni tí òun lè dárúkọ. Bàbá Pátákó tẹ̀ba, ó sọ̀rọ̀ sí awakọ̀ létí. "Ṣé ó ti kù díẹ̀?"

Awakọ̀ náà mọ òfin ilé-iṣẹ́ bí gbogbo wọn ṣe mọ̀ ọ́n. Ó wá ọ̀rọ̀ tó dùn-ún gbọ́. "Ọ̀gá," ó wí, "ibi tí ẹ ti kúrò ti jìnnà gan-an."

Inú Bàbá Pátákó dùn díẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Gómìnà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dé. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, wọn kò pẹ́ jù. Ìyẹn gan-an ló dun ni nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oòrùn ṣì wà. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, ó ń tan sí ojú àpáta, omi náà sì ń já bọ́ láti òkè réré, ó ń pọ́n, ó ń dán, ìrì rẹ̀ ń fẹ́ sí wọn lójú láti ọ̀nà jíjìn. Gbogbo èyí, létí pátákó ni wọ́n ti rí fìrí rẹ̀, nítorí pátákó ibẹ̀ ló tóbi jù. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀ sí i, wọ́n á rí gbogbo rẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà náà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ebi àti àárẹ̀ ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká yára," ó wí. "Oòrùn ń lọ."

"Ẹ dúró ná, Màmá," Bàbá Pátákó wí. Ó ti bọ́ síwájú, ó ti kọ ẹ̀yìn sí omi, ó ti kọjú sí èrò, ó ti ń ṣí ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ìkíni káàbọ̀ ṣókí kan wà."

"Fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀," Gómìnà wí.

"Ọlọ́lá jùlọ, bí a kò bá kí wọn káàbọ̀, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti dé?" Ó sì bẹ̀rẹ̀. "Omi. Kí ni ó ń jẹ́ omi?"

Wọn kò gbọ́ ọ. Omi Àpáta ń hó lẹ́yìn rẹ̀, ó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pariwo sí i, omi náà kò dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tó tíì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé orí àga, inú sì bí i.

"Ta ló wà nídìí omi yìí?" ó bèèrè lọ́wọ́ igbákejì rẹ̀. "Ẹ ní kí wọ́n dín in kù."

Ẹ̀yin ẹ sọ, bí ẹ bá wà ní ipò igbákejì, kí lẹ máa ṣe? Mo ti sọ fún yín pé ọkùnrin yìí kàwé.

"Ó ti yé mi, Ọ̀gá," ó wí, ó sì sáré gba ẹ̀yìn àpáta lọ bí ẹni tó mọ ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà.

Bàbá Pátákó gbé ọwọ́ sókè, ó ń dúró kí omi rọlẹ̀. Gbogbo wọn dúró pẹ̀lú rẹ̀. Oòrùn nìkan ni kò dúró. Gómìnà tún ké sí i pé kó yẹ̀ kúrò, omi bo ohùn tirẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Nígbà tó rí i pé omi kò gbọ́ràn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìwé, kí wọ́n má baà pàdánù ọ̀rọ̀ kankan. Obìnrin àgbàlagbà náà gbìyànjú láti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó tò síbẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n sì dá a padà. Ó ń nàgà, ó ń na ọrùn. Pupa tó wà lójú àpáta di eérú, eérú di dúdú, Bàbá Pátákó sì ní láti gbé ìwé rẹ̀ súnmọ́ imú kí ó tó lè ka ibi tó ti kọ "ní àkótán".

"Nítorí náà, ẹ̀yin àlejò pàtàkì," ó wí níkẹyìn, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ọwọ́ méjèèjì, "ẹ wo Omi Àpáta."

Wọ́n wò. Ilẹ̀ ti ṣú biribiri. Wọ́n ń gbọ́ omi, wọn kò rí nǹkan kan. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi dùn wọ́n.

Gómìnà sún mọ́ ọn nínú òkùnkùn. "Ìwọ," ó wí, "ṣé o ti dé ibí yìí rí?"

"Ọlọ́lá jùlọ, mo mọ ibí bí ẹní mowó."

"Ìyẹn dára," obìnrin àgbàlagbà náà wí. Ohùn rẹ̀ ti tutù. "Nígbà tí a ò ti lè rí i mọ́, ẹ kúkú bá wa sọ bó ṣe rí."

Bàbá Pátákó la ẹnu. Ó wá Omi Àpáta nínú orí rẹ̀, ó sì rí i níbi tó ti máa ń rí i. "Ó tóbi," ó wí. "Ó fẹ̀ tó báyìí." Ó fi apá wọ̀n ọ́n. "Etí rẹ̀ yípo jẹ́ aláwọ̀ wúrà. Ó wà lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì burú ju ẹ̀rín lọ.

"Àga Kọmíṣọ́nnà kì í ṣe tìrẹ mọ́," Gómìnà wí. "Èyí tí o wà lórí rẹ̀ náà, kí ó ṣófo ní àárọ̀ ọ̀la. Kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún akọ̀wé."

Ó sinmi láti mí. Láti ẹ̀yìn àpáta lọ́hùn-ún, igbákejì, tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, gbọ́ pé ẹni ńlá kan ti sinmi. Ó pàtẹ́wọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ gbà á, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, ẹni tí wọ́n sì kọ́ wọn nítorí rẹ̀ dúró láàárín wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Àwọn àlejò ti ń wọ ọkọ̀. Ìlú mìíràn ni wọ́n kó èrò wọn lọ ní ọdún náà, àti ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó ti kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ tó sì padà wálé, Bàbá Pátákó jókòó sí yàrá àlejò pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Fóònù ń dún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó tún dún, onígbàjámọ̀ ni. Kò gbé e. Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì síwájú rẹ̀, ó jókòó tì í. Kò sọ pé ṣebí òun wí. Kì í ṣe irú obìnrin bẹ́ẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ro ẹjọ́ fún un. Ó ní awakọ̀ ló gba ọ̀nà tó gùn. Ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni igbákejì, aláìmoore ni Gómìnà. Ó ní omi náà kò ní ẹ̀kọ́, àti pé oòrùn tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ọ títí ó fi rẹ ọkọ rẹ̀.

"Ó mà ṣe o," ó wí. "Ó dùn mí fún yín. Àga yẹn wù yín." Ó fún un ní tíì mu. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú pé mo bèèrè. Omi yẹn, wọ́n ní ó máa ń pọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn. Nígbà tí oòrùn ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ dé, báwo ló ṣe rí?"

Ọkọ rẹ̀ gbé ife tíì sílẹ̀.

"N kò rí i," ó wí.

"Ẹ̀yin náà?" Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. "Ṣebí iwájú ibẹ̀ gan-an lẹ dúró sí."

"Ibẹ̀ ni mo dúró sí," ó wí. "Mò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni."